Kí ló dé tí àwọn kan fi ń yí ojú aago ọwọ́ sí inú ọrùn ọwọ́?

Arìnnàkore:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń de aago sí. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ojú aago tiwọn máa ń kọjú sínú, níhà àtẹ́lẹwọ́, tó fi jẹ́ pé irin ìdè nìkan lèèyàn ń rí bí wọ́n bá na ọwọ́. Sójà ń ṣe é, àwọn nọ́ọ̀sì kan ń ṣe é, àwọn màmá àgbà náà ń ṣe é. Àwọn kan ní torí kí gíláàsì má baà fọ́ ni, àwọn kan ní torí olè, àwọn míì ní oge lásán ni. Èwo ló jóòótọ́ níbẹ̀? Tí èèyàn bá sì fẹ́ máa ṣe é, ṣé kó kàn yí aago po ni, àbí ó ní irú aago àti irú ìdè tó yẹ ẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé "bó ṣe wù wọ́n ni". Ìdí ni mo fẹ́ mọ̀.

Bàbá Alágo:

Àbúrò, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ kò sí èyí tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí apá ṣe ń yí ni gbòǹgbò rẹ̀.

Na ọwọ́ òsì rẹ síwájú báyìí. Tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gba owó: inú ọrùn ọwọ́ ló kọjú sí ọ. Wá da àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tẹ tábìlì: ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ ló kọjú sí ọ. Eegun méjì ló wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́, ọ̀kan nínú wọn ló sì máa ń yí gun orí èkejì nígbà tí o bá ń da ọwọ́ délẹ̀. Yíyí yẹn ni à ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ wo aago tó wà lẹ́yìn ọwọ́. Bí ọwọ́ bá ṣófo, kò ní èèyàn lára. Bí ọwọ́ bá di nǹkan mú, tí nǹkan náà kò sì gbọdọ̀ yí, ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Gbé ife tíì tó kún dání, kí o wá gbìyànjú láti wo aago tó wà lẹ́yìn ọwọ́ yẹn gan-an. Tíì á dà sí ọ lára.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ ni pé: nígbà tí iṣẹ́ bá ká mi lọ́wọ́ mọ́, ibo ni àtẹ́lẹwọ́ mi ń kọjú sí? Ẹni tó ń gbé àwo oúnjẹ, ẹni tó ṣí ìwé lé ọwọ́, ẹni tó di fóònù mú tó ń kà á, àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wọn kọjú sókè tàbí sí àyà wọn. Aago inú ọwọ́ á kọjú sí wọn láìjẹ́ pé wọ́n yí ohunkóhun. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà ńkọ́? Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bo ọwọ́ ọ̀kadà mọ́lẹ̀, aago inú ọwọ́ kò lè wúlò fún un rárá. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò jèrè púpọ̀ níbẹ̀, àyàfi tó bá ń di ìsàlẹ̀ ìdarí mú. Àwọn alágo mọ ìṣòro awakọ̀ yìí tipẹ́: ní 1921, ilé iṣẹ́ aago Vacheron Constantin ṣe aago kan fún ọjà Amẹ́ríkà tí wọ́n dá ojú rẹ̀ gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí awakọ̀ lè kà á láìyọ ọwọ́ lórí ìdarí.

Ti gíláàsì: òótọ́ ni pé ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, ògiri, ẹ̀gbẹ́ tábìlì àti ara ọkọ̀. Ẹni tó ń ki ọwọ́ bọ abẹ́ bọ́ńẹ́ẹ̀tì máa mọ èyí. Àwọn ọ̀gá sójà Gẹ̀ẹ́sì tó ń gbá póólò lórí ẹṣin ní Íńdíà ń fọ́ gíláàsì aago wọn lemọ́lemọ́, ìyẹn ló bí aago Reverso ní 1931, tí ara rẹ̀ ń yí po kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jẹ́ irin lè bọ́ síta. Ẹni tó yí aago rẹ̀ sínú ọwọ́ ti rí ààbò kan náà gbà láìná kọ́bọ̀.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì í. Ẹni tó ń gbé ẹrù mọ́ àyà, bíi páálí, àpò sìmẹ́ńtì tàbí kéréètì mínírà, inú ọwọ́ rẹ̀ ló ń fara kan ẹrù. Ẹni tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, inú ọwọ́ rẹ̀ ló sùn lé tábìlì. Àwọn wọ̀nyí á gbé gíláàsì kúrò nínú ewu kan sọ ọ́ sínú òmíràn ni. Lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Mohs, gíláàsì lásán tó wà lára ọ̀pọ̀ aago kò ju bíi 5 sí 6 lọ. Iyanrìn jẹ́ 7. Eruku orí tábìlì wa sì kún fún iyanrìn kéékèèké, nítorí náà bí o bá ń fa gíláàsì yẹn lọ fà á bọ̀ lórí tábìlì, ó di dandan kó ha. Sapphire, gíláàsì líle tó wà lára àwọn aago olówó ńlá, jẹ́ 9, iyanrìn kò lè rí i gbé ṣe, ṣùgbọ́n ìkọlù líle lè fọ́ ọ. Gíláàsì oníke ìgbà àtijọ́ rọ̀ jù gbogbo wọn lọ. Àǹfààní tirẹ̀ ni pé ó ṣeé dán padà: fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sórí aṣọ òwú, pa á ní róbótó fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, kí o sì nù ún nù.

Ti olè: òótọ́ ni pé ojú aago olówó ńlá á fara pamọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ìdè ti ń ṣí ti wá bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́, níwájú ẹni tó fẹ́ já a. Tí ọwọ́ rẹ bá wà lójú fèrèsé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, má gbójú lé yíyí aago sínú. Fa ọwọ́ wọlé.

Nọ́ọ̀sì Àárín Òru:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa nọ́ọ̀sì, torí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ kò pé.

Kíka ìlùkìkì ọkàn ló fà á. Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò àti ìka àárín la fi ń tẹ ọrùn ọwọ́ aláìsàn, níhà àtàǹpàkò rẹ̀, nínú kòtò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun. A kì í fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, torí àtàǹpàkò náà ní ìlù tirẹ̀ tí èèyàn lè máa kà láìmọ̀. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, má tẹ̀ ẹ́ jù, torí bí ọwọ́ bá wúwo, ẹ̀jẹ̀ ò ní kọjá mọ́, ìlù á sì sọnù. Bí ìlù náà bá ń lọ déédéé, kà á fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí o sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí kò bá lọ déédéé, kà á pé fún 60. Àwọn kan ń ka 15 kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹni tó bá ṣi ẹyọ kan kà níbẹ̀ ti ṣi mẹ́rin kọ sílẹ̀. Láàárín 60 sí 100 ni ti àgbàlagbà tó jókòó jẹ́jẹ́.

Báyìí, wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà. Bó bá gba ọwọ́ aláìsàn láti ìsàlẹ̀, tí ìka rẹ̀ ká wá sókè, àtẹ́lẹwọ́ òun fúnra rẹ̀ kọjú sókè. Aago inú ọwọ́ ń wò ó lójú, ọwọ́ aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá sì wà níwájú rẹ̀ kedere. Tí aago bá wà lẹ́yìn ọwọ́, á ní láti lo ọwọ́ kejì tàbí kó yí apá. Nígbà tó bá sì parí kíka ìlù, kì í tú ọwọ́ aláìsàn sílẹ̀. Ńṣe ló máa ń dì í mú síbẹ̀, kó máa wo àyà rẹ̀ kó sì ka èémí rẹ̀ (12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan fún àgbàlagbà). Aláìsàn á rò pé ìlù ló ṣì ń kà. Bó bá mọ̀ pé èémí òun là ń kà, á yí bó ṣe ń mí padà.

Ohun tí n kò gbà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ pé torí kí aago má baà ha ọmọ ọwọ́ tàbí aláìsàn lára la ṣe ń yí i sínú. Ẹ gbé ọmọ ọwọ́ ná. Ṣé ẹ̀yìn apá ló sùn lé, àbí inú apá? Inú apá ni! Bí a bá ki ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀yìn aláìsàn láti gbé e dìde, inú apá náà ló kàn án. Aago inú ọwọ́ ló máa ha á jù. Nítorí ìyẹn, àti nítorí kòkòrò àrùn tó ń sápamọ́ sábẹ́ ìdè, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì kì í de aago mọ́ ọwọ́ rárá lẹ́nu iṣẹ́. Aago tí a ń fi píìnì kọ́ mọ́ àyà la ń lò, èyí tí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kí ẹni tó kọ́ ọ lè wolẹ̀ kà á. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ṣe nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ mọ èyí kí ẹ tó débẹ̀: láti 2007 ni ìlànà ìjọba níbẹ̀ ti sọ pé lẹ́nu ìtọ́jú aláìsàn, láti ìgúnpá wá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo. Kò sí aago, kò sí ẹ̀gbà, kò sí apá aṣọ gígùn. Kò sí ẹni tó máa bi yín bóyá inú ló kọjú sí tàbí ẹ̀yìn.

Àgbà Ológun:

Ti sójà yàtọ̀, torí ìbọn ló wà níbẹ̀. Di ìbọn gígùn mú bí ẹni tó fẹ́ yìn ín: ọwọ́ ọ̀tún wà níbi ìfàbọn, ọwọ́ òsì gbé abẹ́ ìbọn ró, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú sókè. Inú ọrùn ọwọ́ òsì ń wo ojú rẹ tààrà. Ìwọ̀nba kí ojú sún wálẹ̀ díẹ̀ lo máa fi ka aago, ìbọn ò sì ní mì. Bí aago bá wà lẹ́yìn ọwọ́, o ní láti yọ ọwọ́ lábẹ́ ìbọn.

Ìdí kejì ni ìmọ́lẹ̀. Lọ́sàn-án, gíláàsì tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ń gba oòrùn, ó ń kọ mànà bíi dígí, ojú sì lè rí ìkọmànà bẹ́ẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Lóru, àwọ̀ tó ń tàn lójú aago ni wàhálà. Yí i sínú, kí ara rẹ bò ó. Àwọn míì ń de aṣọ kékeré bo ojú rẹ̀, tí wọ́n á máa ṣí nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wò ó.

Ìdí kẹta ni fífà nílẹ̀. Ẹni tó ń rá pálá, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ àti ìgúnpá rẹ̀ ló ń gba òkúta. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n máa ń fi irin oníhò bo gíláàsì aago nítorí èyí. Kí ogun yẹn tó dé, aago àpò ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin. Ogun ló sọ aago ọwọ́ di ohun ọkùnrin, torí pé àwọn ọ̀gá ní láti bá àwọn oníbọn ńlá mú àkókò bára mu dé ìṣẹ́jú, kò sì sí ẹni tó ń ráyè fa aago yọ nínú àpò lábẹ́ ọta.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí fún ẹni tó bá ra aago ogun àtijọ́. Radium, èròjà kan tó ń tú ìtànṣán eléwu jáde, ni wọ́n fi ń kun ojú aago ìgbà náà kó lè máa tàn. Tí o bá rí i pé kò tàn mọ́, má rò pé agbára rẹ̀ ti tán. Ohun tó ń gba agbára radium tó fi ń tàn ló ti bàjẹ́. Radium fúnra rẹ̀ ń lo bíi ọdún 1,600 kó tó dín sí ìdajì. Má ṣí aago bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ, má ha ojú rẹ̀, má fẹ́ eruku inú rẹ̀. Gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tritium tó rọ́pò rẹ̀ ń dín sí ìdajì láàárín ọdún méjìlá lé díẹ̀, ìyẹn ló fà á tí aago tí wọ́n fi kùn kò fi tàn mọ́ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Àwọ̀ òde òní, bíi Super-LumiNova, kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ nínú. Ìmọ́lẹ̀ ló ń mu, òun náà ló sì ń tú jáde.

Arìnnàkore:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Nọ́ọ̀sì, ti gbígbé ọmọ yẹn là mí lójú. Bàbá Alágo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ìparí ọ̀rọ̀: aago tí mo ní fẹ̀ tó mìlímítà 42, ó nípọn tó 12, ṣéènì irin ló ní. Nígbà tí mo yí i sínú, ó ń yọ̀ kiri, kókó tí wọ́n fi ń yí i sì ń gún mi nídìí àtẹ́lẹwọ́. Mo sì ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Alágo:

Aago yẹn ti tóbi jù fún inú ọwọ́, àbúrò. Gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ le, eegun ló wà níbẹ̀. Inú ọwọ́ kún fún iṣan. Di ìkúùkù kí o sì tẹ ọwọ́ síwájú, o máa rí wọn bí wọ́n ṣe ń dìde bí okùn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dìde, wọ́n á ti aago. Aago tó bá ga tó sì wúwo á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa yọ̀ kiri.

Fi rúlà wọn fífẹ̀ inú ọrùn ọwọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, wọn aago rẹ láti ìwo òkè dé ìwo ìsàlẹ̀, ìyẹn àwọn apá tó yọ síta tí ìdè ń so mọ́. Má wọn ojú aago nìkan, ìwo ló ń gún èèyàn. Bí ọwọ́ rẹ bá fẹ̀ tó mìlímítà 50, kí ti aago má kọjá 45. Ojú tó fẹ̀ tó 34 sí 38, tí kò nípọn ju 10 lọ, ló máa ń jókòó dáadáa níbẹ̀. Bí owó kò bá pọ̀, Casio F-91W tó ti wà lọ́jà láti 1989 wọn gíráàmù 21 péré, ó sì nípọn mìlímítà 8.5. Èèyàn á gbàgbé pé òun de nǹkan mọ́ ọwọ́. Ike ni gíláàsì rẹ̀, á ha o, àmọ́ o ti mọ bí wọ́n ṣe ń dán an.

Ìdè ló kàn. Ṣéènì irin kò burú, àmọ́ ibi ìpàdé rẹ̀ á bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ tí yóò máa kan gbogbo nǹkan, á sì ha. Tí o bá fẹ́ lò ó bẹ́ẹ̀, o ní láti yọ ojú ṣéènì kí ibi ìpàdé lè wà láàárín ẹ̀yìn ọwọ́ gan-an. Bí ó bá fi sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìwúwo rẹ̀ á máa fa aago lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wo inú ojú ṣéènì náà, wọ́n sábà máa ń fín ọfà kékeré síbẹ̀. Ibi tí ọfà kọjú sí ni píìnì ń gbà jáde. Bí o bá gbá a láti òdìkejì, píìnì á há tàbí kó wọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún inú ọwọ́ ni ìdè náílọ́ọ̀nù oníkan ṣoṣo tó ń gba abẹ́ aago kọjá. Ilé iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ rẹ̀ sínú ìlànà wọn ní 1973, mìlímítà 20 ni fífẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ eérú ni. Nọ́ńbà fọ́ọ̀mù tí sójà ń kọ kí wọ́n tó fún un ni wọ́n fi ń pè é ní G10. Ìwúlò rẹ̀ ni pé bí píìnì kan bá já, píìnì kejì ṣì di aago mú, aago ò ní já bọ́. Fún ẹni tí kò rí ojú aago rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, èyí ṣe pàtàkì. Ó ń fi díẹ̀ kún gíga aago, nítorí náà má lò ó pẹ̀lú aago tó ti nípọn tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìdè nìyí. Wọn àlàfo tó wà láàárín ìwo méjèèjì kí o tó ra ìdè, 18, 20 àti 22 ló wọ́pọ̀. Da aago délẹ̀ lórí aṣọ tó rọ̀. Fi irinṣẹ́ píìnì tàbí ṣóńṣó ọ̀bẹ tín-ín-rín ti èjìká píìnì onísípíríǹgì náà sínú, kí o sì gbé ìdè sókè. Má fi agbára fà á, píìnì yẹn lè fò, kó sì sọnù. Fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbígbẹ gbọn ẹrẹ̀ dúdú tó wà nínú ihò ìwo kúrò: òógùn, ọṣẹ àti awọ ara ló di ẹrẹ̀ yẹn, òun ló ń jẹ píìnì. Fi píìnì padà, kí o gbọ́ kó dún "kẹ́". Lẹ́yìn náà, fa ìdè náà líle lẹ́ẹ̀méjì. Kó já lórí tábìlì sàn ju kó já lójú títì.

Nígbà tí o bá wá fẹ́ de é: de é sí ẹ̀yìn ọwọ́ bó o ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí o wá yí i po ọrùn ọwọ́ dé inú. Nọ́ńbà 12 á bọ́ sí ìhà àtàǹpàkò. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, má gbìyànjú láti yí i padà. Tí apá rẹ bá wá wà níwájú àyà, tí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ọ, aago á kà dáadáa. Kókó ìyí rẹ̀ ṣì máa kọjú sí ọwọ́ rẹ. Nítorí náà ló ṣe ń gún ọ: sún aago sókè sí apá, tó fífẹ̀ ìka kan sí méjì kúrò níbi tí ọrùn ọwọ́ ti ń ká.

Má fún un jù. Orí ìka kan gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ ìdè. Iṣan kan tó ń gbé ìmọ̀lára wá láti ọwọ́ gba àárín inú ọrùn ọwọ́ kọjá, kò sì jìnnà sí awọ ara. Bí àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀lé e bá ń ta ọ́ bí èèrà, òun lo tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ìka kékeré àti ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, iṣan ìhà kejì ni. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àtàǹpàkò ló kú tipiri, ìdè ló fún jù ní ẹ̀gbẹ́. Tú u lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, dókítà ló kàn.

Ti àlùwàlá: bọ́ ọ, fi sí àpò, máa fọ ọwọ́ rẹ dé ìgúnpá. Omi gbọ́dọ̀ kan awọ ara, ìdè tó há mọ́ inú ọwọ́ kì í jẹ́ kó débẹ̀. Bí wọ́n bá kọ mítà 30 sẹ́yìn aago, má rò pé o lè gbé e rì sínú omi tó jìn tó bẹ́ẹ̀. Omi tó ta sí i lára nìkan ló lè gbà. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́, kó wá ti mítà 100. Má lo ìdè awọ, kò ní pẹ́ tí á fi máa rùn.

Ọmọ Ẹ̀rọ:

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo aago tó ń ka ìlùkìkì ọkàn fúnra rẹ̀, tiyín yàtọ̀. Iná aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tàn wọ inú awọ ara, ó sì ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó sì ń dín bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ̀yìn ọwọ́, lókè eegun róbótó tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́, ni àwọn tó ṣe é fọkàn sí. Nínú ọwọ́, bí ẹ bá jókòó jẹ́jẹ́, ó lè kà dáadáa. Bí ẹ bá ń sáré tàbí gbé irin, iṣan tí Bàbá sọ yẹn á máa gbé aago kúrò lára awọ, ìmọ́lẹ̀ ìta á wọlé, nọ́ńbà á sì máa fò sókè sódò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fún un díẹ̀ fún ìgbà eré ìdárayá nìkan kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà, tàbí kí ẹ dá a padà sí ẹ̀yìn ọwọ́.

Ìṣòro kejì ni ìtànná ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń tàn nígbà tí ẹ bá yí apá bí ẹni tó fẹ́ wo ẹ̀yìn ọwọ́. Bí ojú rẹ̀ bá wà nínú, àmì yẹn lè má bá a mu, ẹ ó sì ní láti máa fi ìka kàn án. Ìwúlò rẹ̀ ni pé ẹni tó jókòó tì yín nínú ọkọ̀ kò ní máa ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín.

Bàbá Alágo, ẹ bá wa sọ ti òòfà náà. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ní òòfà lábẹ́ ibi tí ọwọ́ ń sùn lé.

Bàbá Alágo:

O ṣeun, mo gbàgbé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kan aago tó ń fi sípíríǹgì ṣiṣẹ́. Òòfà tó ń di ìdérí kọ̀ǹpútà mú wà létí ibi tí a ń gbé ọrùn ọwọ́ lé, àlàfo tó wà láàárín òun àti aago inú ọwọ́ kò sì tó nǹkan. Bí òòfà bá mú irun sípíríǹgì tín-ín-rín inú rẹ̀, àwọn òrùka rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara wọn, aago á sì máa sáré, nígbà míì dé ìṣẹ́jú mélòó kan lóòjọ́. Ọ̀pọ̀ ń rò pé aago ti bàjẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n tú gbogbo rẹ̀. Gbé kọ́ńpáàsì kékeré sún mọ́ ọn kí o tó náwó: bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bá ń jó tẹ̀lé aago bí o ṣe ń yí i, òòfà ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yọ òòfà á yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sí ìdí láti ṣí aago. Aago bátìrì tó ní ọwọ́ lè dúró tó bá wà lórí òòfà, àmọ́ bí o bá gbé e kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí o ṣáà tún àkókò rẹ̀ tò.

Arìnnàkore:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n: ọwọ́ mi 51, aago mi láti ìwo dé ìwo 49. Ó ti yé mi ìdí tó fi ń yọ̀. Mo sún un sókè ìka méjì, kókó yẹn kò gún mi mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dà sí ẹ̀gbẹ́.

Bàbá Alágo:

Kò ní ṣàì máa dà, gíga rẹ̀ ló ń dà á. Èyí dá a padà sí ẹ̀yìn ọwọ́, kí o wá èyí tó fẹ̀ tó 36 fún inú. Kí o tó sanwó, dè é mọ́ ọwọ́ ní ìsọ̀ níbẹ̀, yí i sínú, kí o di ìkúùkù kí o sì tú u lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí kò bá kúrò lójú kan, òun ni kí o rà.